Rédíò alágbèéká tó ní GPS nínú: Ṣé ó yẹ kí oníṣòwò kékeré fowó lé e?

Òwò tó bá ń rìn kiri, ojú ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì l'Adéwọlé, n'Ìlọrin, kò lè jókòó sídìí ààrò kó tún máa rí fáànù tó ń kó búrẹ́dì lọ sí Tanke. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ Márúwá mẹ́ta kò lè jókòó sẹ́yìn awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti Gẹ́rí Àlímì dé Ọjà Ọba. Ẹni tó ń kó ọlọ́dẹ síta lálẹ́ láti ṣọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù olówó kò lè sùn sí ojúlé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí àwọn onílé-iṣẹ́ kéékèèké fi máa ń tètè tẹ́tí sí ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ní ẹ̀rọ tí yóò máa bá wọn ṣọ́ dúkìá wọn.

Rédíò alágbèéká wà lára àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó sì máa ń dùn lẹ́nu àwọn tó ń tà á ni GPS. Wọn yóò ní, “Èyí ní GPS nínú o, kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyẹn rárá.” Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, owó ti lé sí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí oníṣòwò bi ara rẹ̀ kó tó tú àpò ni pé, GPS tó wà nínú rédíò yìí, iṣẹ́ wo gan-an ni yóò bá òun ṣe? Ọ̀pọ̀ ló ti ra ẹ̀rọ olówó gọbọi tán kó tó yé wọn pé ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ni wọ́n rà.

OHUN MẸ́TA TÍ WỌN KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Àkọ́kọ́ ni rédíò tí wọ́n ń pè ní síkánà. Kì í ṣe síkánà tí wọ́n fi ń da ìwé kọ níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé o. Rédíò ni, ó ṣe é mú dání, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni pé kó máa sáré láti orí ìgbì kan bọ́ sórí òmíràn. Ibi tó bá ti gbọ́ ohùn, yóò dúró níbẹ̀ kí ẹni tó mú un dání lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Síkánà kò lè fèsì, gbígbọ́ nìkan ni tirẹ̀.

Èkejì ni wọ́kítọ́kì, èyí tí àwọn sìkíọ́rítì báńkì àti àwọn tó ń darí èrò níbi ayẹyẹ máa ń fi kọ́ ìbàdí. Èyí ń gbọ́, ó sì ń sọ. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò tẹ bọ́tìnnì, bó bá sọ tirẹ̀ tán, yóò jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹnìkejì lè fèsì.

Ẹ̀kẹta ni GPS fúnra rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló ṣe é fún iṣẹ́ ológun, wọ́n sì ju sàtẹ́láìtì àkọ́kọ́ rẹ̀ sókè lọ́dún 1978. Lẹ́yìn tí àwọn ológun Soviet yìnbọn já ọkọ̀ òfuurufú Korea kan lulẹ̀ lọ́dún 1983 nítorí pé ó ṣìnà wọ ilẹ̀ wọn, tí èèyàn 269 sì kú, ni Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé wọ́n máa jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe ológun náà lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1995 ni gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ńṣe ni Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ da ìgbì tí àwọn ará ìlú ń lò rú, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ náà lè fi bíi ọgọ́rùn-ún mítà ṣìnà. Ìgbà tí wọ́n jáwọ́ nínú ìyẹn ló di ohun tí awakọ̀ àti oníṣòwò lè gbára lé. Lónìí, fóònù tó wà ní gbangba, tí nǹkan kan kò bo ojú ọ̀run mọ́ ọn, lè sọ ibi tó wà láìṣì ju bíi mítà márùn-ún lọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé èèyàn. Bí wọ́n bá yin ìbọn ní ibì kan, ẹni tó sún mọ́ ọn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, ẹni tó jìnnà yóò gbọ́ tẹ̀lé e. Bí èèyàn bá mọ àkókò tí wọ́n yin ín gan-an àti àkókò tí òun gbọ́ ọ, ó lè ṣírò bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ohun tí GPS ń ṣe nìyẹn. Àwọn sàtẹ́láìtì tó tó 30 ló ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń kéde àkókò tó wà lára aago rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ yóò gbọ́ mẹ́rin nínú wọn ó kéré tán, yóò fi bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó lọ́nà ṣírò ibi tí òun wà.

Níbí yìí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí: GPS kì í sọ̀rọ̀, gbígbọ́ ló ń gbọ́. Ó mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí rédíò kan bá ní GPS nínú, tí kò sì ní ọ̀nà tó lè fi ránṣẹ́ sílé, ọ̀gá tó wà l'Adéwọlé kò ní mọ ibi tí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tó mú rédíò náà dání nìkan ni yóò mọ̀, ìyẹn sì ti mọ ibi tó wà tẹ́lẹ̀.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI FẸ́ Ẹ L'AMẸ́RÍKÀ

Àwọn tó ń lo síkánà l'Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ká lára jù, ìdí wọn sì yé èèyàn. Orílẹ̀-èdè náà ní káúntì, èyí tó dà bí ìjọba ìbílẹ̀, tó lé ní 3,000. Ọlọ́pàá, panápaná àti ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn ní káúntì kọ̀ọ̀kan ní ìgbì tiwọn. Ẹni tó bá ń wakọ̀ láti káúntì kan bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ máa yí ìgbì padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó ti fi mọ́tò rìnrìn àjò láti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn yóò mọ bó ṣe máa ń rí. Harmony FM tó wà lórí 103.5 ń dún ketekete nígboro Ìlọrin, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ṣe ń kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ni ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀, tí awakọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá iléeṣẹ́ mìíràn. Ká ní rédíò náà mọ ibi tí ọkọ̀ dé, òun fúnra rẹ̀ ni ìbá yí i.

Ohun tí GPS wà fún nínú síkánà gan-an nìyẹn. Iléeṣẹ́ Uniden, tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ nídìí ẹ̀rọ yìí, gbé HomePatrol jáde lọ́dún 2010. Ẹni tó rà á yóò tẹ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀ sí i, òun náà yóò sì to gbogbo ìgbì àdúgbò yẹn síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lè so GPS mọ́ ọn lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé SDS100, èyí tó ṣe é mú dání, jáde lọ́dún 2018, kò sí GPS nínú rẹ̀. Ojú ihò ni wọ́n ṣe sí i lára tí wọ́n lè ki wáyà GPS bọ̀. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀: kí ló dé tí wọn kò kúkú fi í sínú rẹ̀?

Ẹjọ́ àwọn tó fẹ́ ẹ kò burú. Wọ́n ní wáyà máa ń já, GPS kékeré tó dá wà máa ń sọnù, kò sì yẹ kí ẹni tó ra ẹ̀rọ tán tún máa wá ẹ̀rọ kejì kiri. Ẹjọ́ àwọn tí kò fẹ́ ẹ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. GPS ń jẹ bátìrì, bẹ́ẹ̀ síkánà fúnra rẹ̀ kì í ṣe aláìjẹun. GPS tún nílò kó rí ojú ọ̀run. Ìgbì tó ń ti ọ̀run bọ̀ yẹn ti rẹ̀ gan-an kó tó dé ilẹ̀, páànù orí ilé tàbí òrùlé ọkọ̀ sì lè dí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tan ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tó ti pẹ́ ní pípa, ó gbọ́dọ̀ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá gbọ́ ọ̀rọ̀ sàtẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan láìjá lẹ́nu kó tó lè lò ó. Ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo sàtẹ́láìtì lápapọ̀ tún ń gba ìṣẹ́jú méjìlá àtààbọ̀ kí wọ́n tó kéde rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó ń jókòó sílé gbọ́ síkánà mọ àdúgbò tó wà. Kí ló fẹ́ fi GPS ṣe?

Nínú ẹjọ́ méjèèjì yìí, ẹ̀kọ́ kan wà fún oníṣòwò níbi gbogbo: ohun tó bá ń yí padà bí ibi ṣe ń yí padà ni GPS wúlò fún. Bí iṣẹ́ kò bá kúrò lójú kan, owó GPS ti di ẹ̀bùn fún ẹni tó tà á.

OHUN TÍ ÒFIN NÀÌJÍRÍÀ SỌ

Ní Nàìjíríà, ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ká oníṣòwò lára ni òfin, GPS ń bọ̀ lẹ́yìn. Òfin tó wà lórí lílo ẹ̀rọ rédíò ti wà láti ọdún 1961, òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 sì fún àjọ NCC lágbára láti máa pín ìgbì, kí wọ́n sì máa fún àwọn tó fẹ́ lò ó níwèé àṣẹ. Iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ máa fi wọ́kítọ́kì tirẹ̀ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí NCC ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì fọwọ́ sí.

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni kò mọ èyí. Wọ́n á rí rédíò pọ́ọ́kú lọ́jà, wọ́n á rà á, wọ́n á pín in fún ọmọọṣẹ́, wọ́n á sì máa lò ó lórí ìgbì tó bá wá sí wọn lọ́wọ́. Kò sì sí ìgbì tí kò lólówó. Àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ tó sì ń gbéra ní pápákọ̀ Ìlọrin ní ìgbì tí wọ́n fi ń bá àwọn tó ń darí wọn sọ̀rọ̀, èyí tó wà lókè ibi tí rédíò FM parí sí lórí 108. Ẹni tó bá fi rédíò tí kò ṣe dédé da ìgbì bẹ́ẹ̀ rú kò lè sọ pé eré lòún ń ṣe.

Ti síkánà tún le ju ti wọ́kítọ́kì lọ. Kò sí ìwé kankan nílẹ̀ yìí tó to ìgbì àwọn agbófinró síta fún ará ìlú, kò sì yẹ kí oníṣòwò máa fetí kó ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ. Àwọn ìlú òyìnbó pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní Bìrìtìkó, òfin ọdún 2006 ní ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò darí sí i lórí rédíò ti rúfin. L'Amẹ́ríkà, síkánà tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn oṣù Kẹrin ọdún 1994 kò gbọdọ̀ lè gbọ́ ìgbì tí fóònù alágbèéká ń lò, àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ kò sì fẹ́ kí èèyàn gbé síkánà sínú ọkọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston bá fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sílé pé kí bàbá òun máa fi ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù, kí bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ, kó sì fi ẹ̀rọ náà sínú páálí rẹ̀. GPS tó wà nínú síkánà n'Ìlọrin dà bí àgádágodo tí wọ́n fi ti ilé tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ìjọba kì í ka ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ ààbò, kó rántí Thuraya. Fóònù tó ń lo sàtẹ́láìtì ni, àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde pàápàá ti ní GPS nínú. Àwọn oníṣòwò ń lò ó níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, nígbà tí ìjà Boko Haram le, àwọn ológun kéde ní Borno pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á tàbí lò ó mọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọjà di ẹrù òfin lọ́wọ́ ẹni tó kó o síta. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ rédíò gbọ́dọ̀ máa fi èyí sọ́kàn.

IBI TÍ WỌ́KÍTỌ́KÌ TÓ NÍ GPS TI WÚLÒ

Àwọn wọ́kítọ́kì kan wà tí GPS inú wọn kì í ṣe fún ọ̀ṣọ́. Bí ọmọọṣẹ́ bá ṣe ń lò ó ni rédíò náà ń fi ibi tó wà ránṣẹ́ lórí ìgbì kan náà tó fi ń sọ̀rọ̀, tí ọ̀gá tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yóò sì rí i lórí àwòrán ilẹ̀. Irú rẹ̀ ni Motorola ń pè ní MOTOTRBO, Hytera ti ilẹ̀ China náà ń ṣe tirẹ̀. Wọ́kítọ́kì pọ́ọ́kú tó wọ́pọ̀ lọ́jà kì í ṣe irú èyí o.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́dẹ ni èyí lè wúlò fún jù. Ká sọ pé àwọn ọlọ́dẹ mẹ́jọ ló ń rìn yí ká Adéwọlé lóru. Ọ̀kan nínú wọn bá àwọn olè pàdé níbi tó ṣókùnkùn, wọ́n gbá a lórí, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Bí rédíò rẹ̀ bá ní bọ́tìnnì ìdágìrì tó ń fi ibi tó wà ránṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò mọ ibi tí wọ́n máa sáré sí. Bí kò bá ní in, wọ́n lè wá a di àfẹ̀mọ́júmọ́. Níbi tí ẹ̀mí èèyàn bá wà nínú ọ̀rọ̀, owó tó lé lórí GPS kì í ṣe owó àsọnù.

Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá ọlọ́dẹ kọ́kọ́ ro ọ̀nà tí rédíò náà lè jìn dé. Wọ́kítọ́kì tó lágbára wáàtì márùn-ún, bí wọ́n bá mú un dání láàárín ilé tó kún bí tigboro Ìlọrin, ó ṣòro kó kọjá kìlómítà méjì sí mẹ́ta. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí pé ó ń dé kìlómítà mẹ́wàá, orí pápá gbalasa tàbí orí òkè ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Adéwọlé nìkan lè bá a mu. Bó bá fẹ́ kó dé Tanke tàbí Ganmọ, àfi kó gbé òpó àti ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń tún un sọ sókè, ìyẹn sì ti di owó ńlá mìíràn, yàtọ̀ sí ìwé àṣẹ.

Irú kan tún wà tó ń lo síìmù. Ó dà bíi wọ́kítọ́kì lójú, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì MTN, Airtel tàbí Glo ló ń gbà sọ̀rọ̀. Ìgbì tí iléeṣẹ́ fóònù ti gbàwé àṣẹ lé lórí ló ń lò, kò sì sí ọ̀rọ̀ pé kìlómítà mẹ́ta ni yóò dé. Ẹni tó wà n'Ìlọrin lè bá ẹni tó wà ní Jẹ́bà sọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti kú, òun náà ti kú, dátà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà lóṣooṣù.

FÁÀNÙ ÀTI KẸ̀KẸ́ MÁRÚWÁ: TÍRÁKÀ NI, KÌ Í ṢE RÉDÍÒ

Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni oníṣòwò fẹ́ máa ṣọ́, rédíò kọ́ ni yóò rà. Tírákà ni. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni GPS tó mọ ibi tó wà, àti síìmù tó ń fi í ránṣẹ́ sórí fóònù olówó ọkọ̀. Ìgbà tí GSM dé ilẹ̀ yìí lọ́dún 2001 ló ti ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wọ́pọ̀, nítorí ọ̀nà tí GPS lè gbà sọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, bátìrì ọkọ̀ ló ń lò, awakọ̀ kò sì lè gbàgbé rẹ̀ sílé bó ṣe lè gbàgbé rédíò.

Ká fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Iye tó wà níbí kì í ṣe iye ọjà, kí ìṣirò lè yé èèyàn ni. Ká sọ pé oníbúrẹ́dì kan l'Adéwọlé ní fáànù méjì àti ọ̀kadà méjì. Wọ́n ní kó ra rédíò mẹ́rin tó ní GPS, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦90,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦360,000. Bó bá jẹ́ pé tírákà ₦45,000 ló fi sínú fáànù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn jẹ́ ₦90,000. Dátà ₦1,500 lóṣù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ₦36,000 lọ́dún. Bó bá tún fi ₦4,000 lóṣù ra káàdì fún àwọn awakọ̀ láti máa fi fóònù tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ pè é, ₦48,000 nìyẹn lọ́dún. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦174,000 lọ́dún àkọ́kọ́. ₦186,000 ló ṣẹ́ kù sí i lápò, èyí tó lè fi ra ìyẹ̀fun. Àwọn ọ̀kadà kò ní tírákà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ fi méjì kún un, pẹ̀lú dátà wọn, ₦126,000 ló máa ná lé e. Àpapọ̀ yóò di ₦300,000, kò sì tíì tó owó rédíò.

Tírákà náà kì í ṣe oògùn o. Olè tó gbọ́n lè já wáyà bátìrì, bí ọkọ̀ bá wọ abẹ́ òrùlé tó nípọn, GPS inú rẹ̀ lè má ríran mọ́. Síìmù rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti so mọ́ nọ́ńbà NIN olówó rẹ̀, nítorí láti òpin ọdún 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Síìmù tí wọ́n rà lórúkọ ẹni tí kò sí mọ́ lè kú lọ́jọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀ jù.

ÈÈYÀN NI ỌMỌỌṢẸ́, KÌ Í ṢE ẸRÙ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ kì í dárúkọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni lóṣù Kẹfà ọdún 2023, ibi tí èèyàn wà ti di ara ohun tí òfin ń dáàbò bò. Ọ̀gá tó bá fẹ́ máa mọ ibi tí ọmọọṣẹ́ rẹ̀ wà gbọ́dọ̀ sọ fún un, kó sì ní ìdí tó bá iṣẹ́ mu. Fáànù ilé iṣẹ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Rédíò tí ọlọ́dẹ gbé lọ sílé lẹ́yìn tó ti parí iṣẹ́, tó sì ń sọ ibi tó sùn fún ọ̀gá rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Yàtọ̀ sí òfin, ọgbọ́n òwò náà ni. Awakọ̀ tí wọ́n sọ fún láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tírákà wà nínú ọkọ̀ yóò ṣọ́ra. Awakọ̀ tó fúnra rẹ̀ já a nínú ọkọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yóò gbà pé olè ni ọ̀gá òun ka òun sí, ọkàn rẹ̀ kò sì ní sí nínú iṣẹ́ mọ́.

ÌBÉÈRÈ TÓ YẸ KÍ ONÍṢÒWÒ BI ẸNI TÓ Ń TÀ Á

Kí oníbàárà má ṣe tijú. Kó bi í pé, GPS inú rédíò yìí, ta ló ń sọ ibi tó wà fún? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ojú rédíò nìkan ló ti ń hàn, kó má ṣe fi kọ́bọ̀ lé e. Kó bi í pé, ọ̀nà wo ló ń gbà ránṣẹ́, ṣé ìgbì rédíò ni àbí síìmù? Kó bi í pé, ṣé NCC ti fọwọ́ sí ẹ̀rọ yìí, kó sì jẹ́ kó fi ẹ̀rí hàn án. Kó ní kó tan án níwájú òun, kí wọ́n gbé e jáde sí gbangba, kí wọ́n wo ìṣẹ́jú mélòó tó lò kó tó mọ ibi tó wà, kí wọ́n sì gbé e padà wọ abẹ́ páànù wò. Kó bi í pé wákàtí mélòó ni bátìrì ń lò bí GPS bá wà ní títàn, nítorí iṣẹ́ ọlọ́dẹ kì í kéré sí wákàtí méjìlá, NEPA kò sì ṣeé fọkàn tán. Kó sì bi í pé, ṣé wọ́n lè pa GPS náà nígbà tí wọn kò bá lò ó?

Ìbéèrè kan ṣẹ́ kù tó jẹ mọ́ àtúnṣe. GPS tó bá dá wà, bó bá bàjẹ́, òun nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀. Èyí tó wà nínú rédíò, bó bá bàjẹ́, odindi rédíò ló máa lọ bá onítúnṣe, iṣẹ́ yóò sì dúró. Rédíò tó dára lè lò tó ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n GPS tuntun ń jáde lemọ́lemọ́. Ìdí nìyẹn tí ojú ihò tí wọ́n lè so GPS mọ́ fi sàn ju GPS tí wọ́n fi sínú rédíò lọ fún ẹni tí kò tíì dá a lójú pé òun yóò lò ó.

Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ náà ní ẹ̀kọ́ tiwọn. Oníṣòwò tó bá kó rédíò olówó ńlá wá nítorí pé ó ní GPS, láìbéèrè iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ l'Adéwọlé ń ṣe, yóò pẹ́ kó tó tà á tán. Èyí tó bá bi oníbàárà pé “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” kó tó nàka sí ọjà, òun ni wọ́n máa padà wá bá. Bó bá tilẹ̀ ta tírákà fún oníbúrẹ́dì dípò rédíò mẹ́rin, owó tó wọlé lónìí lè kéré, ṣùgbọ́n oníbúrẹ́dì yẹn yóò júwe rẹ̀ fún oníkẹ̀kẹ́, oníkẹ̀kẹ́ yóò júwe rẹ̀ fún ẹni tó ń tà omi inú ọ̀rá.

Lápapọ̀, ẹni tó ń jókòó sójú kan kò nílò GPS nínú rédíò. Ẹni tó fẹ́ ṣọ́ ọkọ̀ nílò tírákà. Ẹni tó ní òṣìṣẹ́ tó ń rìn lóru, tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu, lè fowó lé wọ́kítọ́kì tó ní GPS, bó bá ti gbàwé àṣẹ, tó sì dá a lójú pé ohun tí ẹ̀rọ náà bá mọ̀ yóò dé etí ẹni tó lè sáré lọ gbà wọ́n. Bàtà tí kò bá báni lẹ́sẹ̀ mu, bó ti wù kó wọ́n tó, ẹsẹ̀ ni yóò fi bó.